Wọn Ò Gé Ìrókò Náà, Síbẹ̀ Ó Kú

Ọdún ń lọ sópin, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ti ń yọjú. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú bọ̀ yàtọ̀ sí ọyẹ́: ilé kíkọ́. Owó tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbà yìí ni wọ́n máa ń ní kí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tipà á máa já yanrìn, bíríkìlà á máa fa okùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi àgbàlá ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tó ń gé igi ojúbọ dànù ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Àwa tí a kò gé e ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwa táa bọ̀wọ̀ fún igi, táa kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí igi náà sì kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìrókò kan wà lẹ́yìnkùlé wa nígbà kan. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ẹbí. Igi ńlá ni ìyá bàbá mi bá a nígbà tó wọlé ọkọ. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ náà la ti máa ń fún un ní ohun tó tọ́ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí àbúrò bàbá mi fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹbí pe ìpàdé. Gbogbo ẹnu ló kò: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àáké kan ìrókò. Àbúrò bàbá mi gbà tọkàntọkàn. Ó tún lọ ra aṣọ funfun tuntun, ó ní kí a so ó mọ́ ọn nídìí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ ju títì lọ, nítorí náà wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i kó lè ga. Yẹ̀pẹ̀ náà bo ìdí ìrókò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Gbòǹgbò mẹ́ta tó tó itan ènìyàn dábùú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n gé wọn. Abẹ́ ìbòòji igi ni wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì nítorí oòrùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Tipà tó bá já òkúta tán, ibẹ̀ ló ti ń yí orí padà. Nígbà tí ilé parí, wọ́n da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá títí dé ara igi, kí ẹrẹ̀ má baà máa wọlé. Aṣọ funfun ṣì wà nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi àáké kàn án.

Ọdún kìíní, igi rúwé. Ẹnu ò gba ìyìn tí a yin ara wa. Ọdún kejì, ewé rẹ̀ kéré, ó sì tètè wọ́wé. Ọdún kẹta, orí rẹ̀ gbẹ. Ọdún kẹrin, lóru ọjọ́ kan tí ìjì ò tiẹ̀ jà, ẹ̀ka kan já, ó wó òrùlé ilé ìdáná mọ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní oníilé ló ṣe ohun tí kò dáa. Àwọn mìíràn ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí ìyá àgbà kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí igi náà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Àwọn ọmọdé ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, a bi Ifá, a ṣe ohun tó yẹ, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi wá gé e. Wọ́n fọ́ kọnkéré kí wọ́n tó lè hú ìdí rẹ̀. Àgbà kan nínú ẹbí wo àwọn gbòǹgbò tó ti jẹrà, tó ń rùn lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn, ó mi orí, ó ní: "Ẹ fi ìyá onílé sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sin igi yìí láàyè."

Àmọ́ ìyá náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ̀sùn tó jẹ́ ti tipà ló gbé lọ sọ́run. Mi ò gbàgbé rẹ̀, òun ni mo sì ń rántí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ wa rò pé igi tó bá ga tó báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ náà á ti lọ sísàlẹ̀ tó báyìí, níbi tí ṣọ́bìrì ò lè dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tó lọ sísàlẹ̀ tààrà lè wà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fa omi àti oúnjẹ, inú ilẹ̀ òkè ni wọ́n wà, kò jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ìbú ni wọ́n ń lọ. Wọ́n máa ń tàn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé, ó lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá dúró síbi tó rò pé òun ti jìnnà sí igi, orí igi náà ló ṣì dúró.

Gbòǹgbò sì ń mí. Àlàfo wẹ́wẹ́ wà nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà. Yẹ̀pẹ̀ táa dà lé e ń dí i nímú. Tipà tó gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń tẹ ilẹ̀ náà pa títí táá fi le bí ojú títì. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn lọ, kò ní wọlé. Kọnkéré ṣe méjèèjì pa pọ̀. Omi sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ń jó. Ẹ ní kí bíríkìlà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn yín. Ohun tó ń jẹ awọ ọwọ́ géńdé, kí lẹ rò pé yóò ṣe fún gbòǹgbò tí kò nípọn ju òwú lọ?

Ohun tó ń tàn wá jù ni pé igi kì í tètè kú. Ó ní oúnjẹ nípamọ́ nínú ara rẹ̀. Ọdún kan, méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ju márùn-ún lọ, èyí ló máa fi gbé ara rẹ̀ ró. Ìgbà tí orí rẹ̀ bá máa fi gbẹ, bíríkìlà ti lọ, a ti gbàgbé yẹ̀pẹ̀. Ìgbà yẹn la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é nínú ilé.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Èkó.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n fi tó yín létí, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn bí ọdún bá ti yí."

"O ṣeun, ọmọ mi. Elédùmarè á jẹ́ kó yẹ ẹ́ kalẹ́. Apá ibo lo fẹ́ kọ́ ọ sí?"

"Apá iwájú ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdán. Ẹ má fòyà o, Bàbá. Mo ti kìlọ̀ fún bíríkìlà, wọn ò ní fọwọ́ kan ọdán."

Mo ní, "Ọwọ́ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ibo ni tipà máa gbà wọlé?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú, mi ò tíì rò ó débẹ̀."

Ọdán yìí ni igi àgbà kan ṣoṣo tó kù fún wa. Látìgbà tí ìrókò ti lọ, abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣèpàdé. Ojúbọ Ògún wà níbẹ̀, pẹ̀lú pèrègún tó yí i ká àti akòko kan tí bàbá mi gbìn. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Wá okùn. Fi yí igi ká ní ibi tó bá àyà rẹ dọ́gba, nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ sókè ilẹ̀. Gé okùn náà níbi tó ti pàdé. Wàyí o, láti ara igi, fi okùn yẹn wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ síwájú, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sósì. Ilẹ̀ tó wà láàárín yẹn, ti igi ni. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìlànà tí àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní BS 5837, sọ pé kí a fi ìlọ́po méjìlá ìbú ìdí igi ṣe ààlà. Ẹni tó bá fi okùn ṣe é á rí i pé okùn mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu gẹ́lẹ́, díẹ̀ ló fi lé. Bó bá jẹ́ igi tí ìdí rẹ̀ ní apá bí ògiri, bíi ti àràbà, òkè ibi tí apá náà parí sí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Okùn ọdán wa jẹ́ mítà méjì àti ààbọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Ilé tí ọmọ náà fẹ́ kọ́, mítà 6 péré ló fi jìnnà sí i. Ti akòko ò tó nǹkan ní tirẹ̀: okùn rẹ̀ ò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, mítà méjì àti díẹ̀ ti tó o. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo igi ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Kí tipà àkọ́kọ́ tó dé, àwọn nǹkan kan wà láti ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ síbi ojúbọ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán ilé. Ẹ bèèrè, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá wí, kí àwọn àgbà ilé sì mọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ayàwòrán ya igi náà sínú àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú ààlà okùn mẹ́rin. Àwòrán tí kò bá ní igi nínú, bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣófo ló máa ń rí lójú bíríkìlà.

Èkejì, ẹ ṣe ọgbà yí ààlà yẹn ká, ọparun tàbí pákó, kí yanrìn tó wọlé. Tó bá di pé yanrìn ti wọlé tán, ó ti pẹ́. Kí ẹ sì ta màrìwò sí ọgbà náà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí màrìwò ń wí: má kọjá ibí. Ibi táa ti ṣìṣe nígbà ti ìrókò nìyí. Aṣọ funfun táa so mọ́ ọn bu ọlá fún ara igi. Kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti tẹ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí igi ò ga tó láti jẹ́ ààlà. Etí ilẹ̀ rẹ̀ ni ààlà.

Ẹ̀kẹta, gbogbo ohun tó bá ń wúwo tàbí tó ń jó, ìta ọgbà yẹn ni kó wà: yanrìn, òkúta, búlọ́ọ̀kù, ibi ìpo sìmẹ́ǹtì, ibi ìfọ irinṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì dísù, jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́kàwéè, ọ̀nà omi àti ọ̀nà wáyà iná tí wọ́n máa ń gbẹ́ sílẹ̀. Ẹ má kùn yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ má sì ha ilẹ̀ òkè kúrò, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò wà.

Ẹ̀kẹrin, bí ilẹ̀ bá kéré tó jẹ́ pé ilé gbọ́dọ̀ wọ inú ààlà díẹ̀, ẹ bi ẹnjiníà bóyá òpó ni kí ó fi gbé apá yẹn, kí bíìmù kọjá lórí gbòǹgbò, dípò kí wọ́n gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ gbọọrọ. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ihò òpó náà, kì í ṣe katapílà. Gbòǹgbò tó bá ju àtàǹpàkò lọ, kí wọ́n yí òpó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Èyí tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ gé, ayùn tó mú ni kí wọ́n fi gé e kó dán, kí wọ́n sì tètè fi ilẹ̀ bò ó. Èyí tí wọ́n bá fi ṣọ́bìrì fà ya ló máa ń jẹrà wọ inú igi.

Ẹ̀karùn-ún, kí kọnkéré má dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ síbẹ̀ kó nípọn tó ìka ọwọ́ mẹ́rin, kó má kan ara igi. Ẹ má dáná sun pàǹtí níbẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ìkọ́lé, ẹ bomi rin ín.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn lébìrà fúnra wọn. Ọ̀gá bíríkìlà lè gbà, kí ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ sì da omi sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ lálẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, ṣé a ò lè gbin òmíràn ni? Ó kù sí irú igi tó jẹ́. Pèrègún àti akòko, ẹ gé igi rẹ̀ gún mọ́lẹ̀, á hù. Ìrókò ò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń mú ewé àti orí ọmọ ìrókò wú, táá sì jẹrà, ìgbà tó bá sì wà ní gbangba láìsí igi mìíràn tó ṣíji bò ó ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ igbó ti ń bá kòkòrò yìí jà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí oko ìrókò bí ẹ ṣe ń rí oko tíìkì. Èyí tó wà lágbàlá yín, ẹ̀rọ kan ò sí tó lè dá a padà.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ pé ilẹ̀ là ń dáàbò bò. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Kì í ṣe igi kọ̀ọ̀kan ni Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dúró tì nígbà tí wọ́n ń jẹ igbó náà níbi tán. Apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní 1965, gbogbo rẹ̀ ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2005: hẹ́kítà 75, àtilẹ̀ àtigi àtodò. Ní Salvador ní Brazil náà, nígbà tí ìjọba wọn gbà ní 1984 láti dáàbò bo Casa Branca, ilé òrìṣà àgbà tí àwọn baba ńlá wa dá sílẹ̀ níbẹ̀, ilé, ilẹ̀ àti àwọn igi inú rẹ̀ ni wọ́n kọ pa pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, òfin Èkó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gé igi kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó sin igi láàyè kò mú àáké dání. Ilé ló gbọ́dọ̀ mójú tó ìyẹn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ tọrẹ fún igi o. Bí igi bá ti ṣófo nínú, bó bá ti lanu, tàbí tó fi ara ti ilé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa igi, ẹ bi Ifá, kí ẹ ṣe ohun tó tọ́ kó tó pa ènìyàn. Àti pé ọdán ò mọ bí a ṣe ń bẹ ògiri. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń la ilé tó bá sún mọ́ ọn jù. Mítà 10 yẹn ń gba igi lọ́wọ́ ilé, ó sì ń gba ilé lọ́wọ́ igi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló di okùn mú. Nígbà tó rí ibi tí okùn kẹrin dé, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló fẹ́ kọ́ sí ojú títì, owó wọn ló sì fẹ́ fi parí ilé. Ìkẹta ti bọ́ sínú ilẹ̀ ọdán. Ó ní, "Bàbá, ta ló máa san owó ṣọ́ọ̀bù yẹn fún mi?"

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Abẹ́ ọdán tí gbogbo ẹbí ń jókòó sí, kò yẹ kó jẹ́ ẹnì kan ló máa dá owó rẹ̀ san. A pe ìpàdé. Ó gùn, ariwo sì wà níbẹ̀, èmi gan-an pariwo. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ló rán wa létí ìyá àgbà tó kú pẹ̀lú ẹ̀sùn. Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹbí fún un ní àlà ilẹ̀ kan lápá ẹ̀yìn, níbi tí ìrókò wà tẹ́lẹ̀, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù kẹta síbẹ̀. Kò kọjú sí títì, owó rẹ̀ á kéré. Ó gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé lẹ́ẹ̀rùn yìí, ẹ fi okùn wọn igi yín lónìí, kí ẹ pe ẹbí kí ẹ tó pe bíríkìlà. Kí Ògún má jẹ́ kí irin pa wá lára níbi iṣẹ́. Kí ilé wa má wó lé wa, kí igi wa má gbẹ mọ́ wa lójú. Ire o. Àṣẹ.